Èdè púpọ̀ kọ́ ló ń fọ́ ìlú: ìdáhùn sí bàbá kan ní Ìlọrin

Ìbéèrè: Ìlọrin ni mò ń gbé. Yorùbá ni mí, ọmọ Tápà ni ìyàwó mi, ọmọ mẹ́ta la sì bí. Ọ̀rẹ́ mi kan ń tẹnu mọ́ ọn pé èdè tó pọ̀ jù ló ba Nàìjíríà jẹ́, pé ká ní èdè kan ṣoṣo la ní bíi ti Tànsáníà, à bá ti jìnnà. Èmi ní tèmi sọ pé ará ìlú tó gbọ́ èdè púpọ̀ ló ń fún orílẹ̀-èdè lágbára. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Èdè wo ló sì yẹ ká máa bá àwọn ọmọ wa sọ nílé?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, sà. Ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ ó ku ibì kan tí ọ̀rọ̀ yín kò tíì dé. Èdè púpọ̀ kì í dá fún orílẹ̀-èdè lágbára, bẹ́ẹ̀ ni kì í dá bà á jẹ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí èdè ará ìlú ríbi jókòó sí nílé ìwé, nílé ìwòsàn, nílé ẹjọ́ àti níbi tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́, kí àwọn tó lè gbé ọ̀rọ̀ láti inú èdè kan bọ́ sínú òmíràn sì pọ̀ tó, tí ọ̀rọ̀ kò fi ní dà nù lọ́nà. Níbi tí ìyẹn bá wà, èdè púpọ̀ di ọrọ̀. Níbi tí kò bá sí, à kàn jọ ń gbé ni, a kò gbọ́ ara wa.

Ọ̀rẹ́ yín fi Tànsáníà ṣe àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í rò. Ìlú elédè kan kọ́ ni Tànsáníà. Èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń sọ níbẹ̀: Sukuma, Chagga, Haya, Gogo, Másáì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ní tí àwa kò ní ni Kìswàhílì, èdè tó ti ń tẹ̀lé àwọn oníṣòwò láti etí òkun wọ àárín ilẹ̀ kí ìjọba Òyìnbó tó dé. Nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso, òun ni wọ́n fi ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ TANU tó jà fún òmìnira fi í ṣe ìpàdé. Julius Nyerere, ààrẹ àkọ́kọ́ Tànsáníà, gbé e ga lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó túmọ̀ eré Shakespeare méjì sí i, bí ẹni ń fi hàn gbogbo ayé pé kò sí ọ̀rọ̀ tó wúwo jù fún un.

Kí ló jẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn? Àwọn tí Kìswàhílì jẹ́ èdè ìyá wọn kò pọ̀. Etí òkun àti Zanzibar ni wọ́n wà. Àwọn Sukuma tí wọ́n pọ̀ jù nínú ìlú, ńṣe ni àwọn náà ń kọ́ ọ bí àwọn yòókù. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú máa sọ ọ́, kò sí ẹ̀yà ńlá kan tó lè fi yangàn sí ìyókù. Ẹ wá fi wé tiwa. Nínú Haúsá, Yorùbá àti Ìgbò, èyíkéyìí tí ẹ bá mú ṣe èdè kan ṣoṣo, àwọn méjì tó kù pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà mìíràn yóò jí lọ́jọ́ kejì, wọn yóò rí i pé aládùúgbò àwọn ti di ọ̀gá àwọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni dìbò fún un. Èyí tó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ ní Sri Lanka, erékùṣù tó wà nítòsí Íńdíà, a ó débẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ tún kíyè sí i pé ará Tànsáníà tó kàwé gbọ́ èdè ilé rẹ̀, ó gbọ́ Kìswàhílì, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè mẹ́ta nìyẹn. Ẹ̀yin ni Tànsáníà ń jẹ́rìí fún! Ibi tó ti ń dùn wọ́n gan-an ni ibi tí afárá àárín èdè ti já. Jálẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, Kìswàhílì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Bó bá ti wọ ilé ìwé girama, gbogbo rẹ̀ yí sí Gẹ̀ẹ́sì lójijì. Ọmọ tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé bí ewéko ṣe ń mu omi lọ́dún tó kọjá á wá dákẹ́ sínú kíláàsì bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Olùkọ́ náà á sì máa yọ́ Kìswàhílì lò kí ẹ̀kọ́ tó lè wọlé, nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò máa wá béèrè.

Ní ti pé èdè kan ṣoṣo ló ń mú ìṣọ̀kan wá, ẹ bi ọ̀rẹ́ yín nípa Sòmálíà. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ará ibẹ̀ ló ń sọ èdè kan náà. Wọ́n fi àkọtọ́ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1972, ìjọba sì fi í ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1991 ìjọba náà wó lulẹ̀. Ní Rùwáńdà, Hutu àti Tutsi jọ ń sọ Kinyarwanda ni. Èdè yẹn náà ni rédíò fi ké sí àwọn èèyàn lọ́dún 1994 pé kí wọ́n dìde sí aládùúgbò wọn.

Sri Lanka ló yẹ ká fara balẹ̀ wò. Títí di ọdún 1956, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Àwọn Sinhala ló pọ̀ jù, àwọn Tamil sì kéré sí wọn, ṣùgbọ́n ilé ìwé àwọn ajíhìnrere ti pẹ́ ní ìhà àríwá lọ́dọ̀ àwọn Tamil, ìyẹn ló jẹ́ kí akọ̀wé ìjọba pọ̀ láàárín wọn. Lọ́dún náà, ìjọba S.W.R.D. Bandaranaike ṣòfin pé Sinhala nìkan ni èdè ìjọba. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin Tamil kan tó ti pẹ́ nídìí tábìlì rẹ̀, tó mọ gbogbo fáìlì ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kó lọ kọ́ Sinhala, kó sì yege nínú ìdánwò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìgbéga rẹ̀ dópin. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1958. Lọ́dún 1983 ó di ogun, ọdún 2009 ló tó parí. Ìjọba padà fi Tamil kún èdè ìjọba lọ́dún 1987, àmọ́ ogun ti jà fún ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó rántí.

Èdè méjèèjì yẹn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní erékùṣù náà láti ayébáyé. Ọjọ́ tí èdè di ohun tí wọ́n fi ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn ni wàhálà dé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé òfin èdè kalẹ̀ níwájú yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bi í ni pé: iṣẹ́ ta ni òfin yìí máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Switzerland ni àwọn èèyàn máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ rere, ó sì tọ́, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń rò ó. Èdè mẹ́rin ni wọ́n ní: Jámánì, Faransé, Ítálì àti Romansh. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kódà àwọn míì kò gbọ́ ju tiwọn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ lọ. Ìjọba ni elédè púpọ̀. Òfin àpapọ̀ ń jáde ní Jámánì, Faransé àti Ítálì, agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba. Aṣòfin lè dìde kó sọ tirẹ̀, ògbufọ̀ wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ku nínú ọ̀rọ̀ yín nìyí, sà: ará ìlú tó gbọ́ èdè púpọ̀ dára, ìjọba tó gbọ́ èdè ará ìlú ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Èdè tó lé ní 500 ló wà ní Nàìjíríà, ará ìlú wa sì gbọ́ èdè ju bí a ṣe ń kà á sí lọ. Obìnrin tó ń kó ẹrù gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ lè fi Yorùbá dúnàá dúrà, kó fi Ègùn bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀, kó sì fi Faransé dá aṣọ́bodè lóhùn, láìsí pé ó jókòó sí kíláàsì kankan. Inú ọjà bẹ́ẹ̀ ni àlùbọ́sà, tákàdá àti wàhálà ti wọ ẹnu wa láti inú Haúsá, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí mọ́ pé a yá wọn ni. Ní Kwara tiyín, ẹni tó bá ń ná ọjà láàárín Ìlọrin àti Pàtégì mọ̀ pé Yorùbá nìkan kò tó. Agbára wà nílẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba ló ń jẹ́ kó ṣòfò.

Ẹ wo ilé ẹjọ́. Ìwé òfin ọdún 1999, abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ gba àlàyé lórí ìwé láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́, nípa ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un. Abala 36 sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn tí kò gbọ́ èdè ilé ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Òfin tó dára gan-an ni. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ògbufọ̀: akọ̀wé kóòtù tó bá wà nítòsí, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní iṣẹ́ náà. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ yìí. Obìnrin kan sọ pé "Ó fẹ́ẹ̀ pa mí." Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, bóyá ó tì í ni, tó fi orí gbá ilẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá gbọ́ ọ bíi "Ó fẹ́ pa mí," ohun tí yóò wọ inú ìwé adájọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọkùnrin náà ní in lọ́kàn láti pànìyàn. Ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ ló wà láàárín wọn. Ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ kì í ké ọ̀rọ̀ kúrú. Gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan ló ń gbé, ó ń sọ "mo" níbi tí ẹlẹ́rìí ti sọ "mo", bí ọ̀rọ̀ kan bá sì ní ìtumọ̀ méjì, á tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ kó tó bi ẹlẹ́rìí léèrè. Bí ẹni yín kan bá ní ẹjọ́, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn sí i létí. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹlẹ́rìí kẹta bá ti sọ̀rọ̀ tán.

Ilé ìwòsàn náà ńkọ́? Lẹ́nu wa, ibà ni ara gbígbóná, ibà náà sì ni àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà. Haúsá ya méjèèjì sọ́tọ̀: zazzabi ni ara gbígbóná, zazzabin cizon sauro sì ni ti ẹ̀fọn. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ tán tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé "ọmọ yín ò ní ibà," ìyá fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, ó gbóná janjan. Lójú tirẹ̀, àyẹ̀wò náà parọ́. Á yà sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, á ra oògùn ibà, ohun tó ń ṣe ọmọ gan-an á sì máa lágbára sí i lábẹ́nú. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè méjèèjì, tó sì ronú sí bí wọ́n ṣe yàtọ̀, á sọ pé: "Ara ọmọ yín gbóná lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀fọn ló fà á; ẹ jẹ́ ká wá ohun tó fà á." Gbólóhùn kan péré ni. Kò ná ìjọba ní owó kankan ju pé kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò lò.

Ilé ìwé ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rí wa ti lágbára jù. Lọ́dún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ló ṣíwájú rẹ̀. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Àwọn kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n wò, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ọ dópin kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣáájú nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ẹ má gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, sà: wọ́n kọ ìwé kíkà tuntun fún gbogbo iṣẹ́, wọ́n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí kò ní orúkọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mẹ́hẹ kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá mú Yorùbá wọ kíláàsì láìsí nǹkan wọ̀nyí kò tíì dán ètò Ifẹ̀ wò rárá.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2025 fi dùn mí. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì tọ́ka sí bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó jókòó ṣe WAEC lọ́dún 2025, tí kò tún kíláàsì kankan kà, ọdún 2013 ló wọ praimárì kìíní. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìlànà 2022, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, praimárì kẹta ló wà lọ́jọ́ tí mínísítà ń sọ̀rọ̀. Kò sí bí ìlànà náà ṣe lè mú kí ẹni tó ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà ọ̀hún tó dé fìdí rẹmi. Òótọ́ ni pé láti ọdún 1977 ni ìjọba ti ń sọ pé kí èdè abínibí wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ iye ilé ìwé ìgboro tó ń na ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà. Ìlànà 1977 yẹn náà ló ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú èdè ńlá mẹ́ta tí kì í ṣe tirẹ̀. Ká ní wọ́n ṣe é ni, ọmọ Ìbàdàn ìgbà náà ì bá máa gbọ́ Haúsá tàbí Ìgbò lónìí. Olùkọ́ ni kò sí. Àwọn tí ì bá kọ́ wọn kò tó nǹkan, ẹnikẹ́ni kò sì ṣètò láti gbé olùkọ́ Haúsá wá sí Ọ̀yọ́ kí wọ́n gbé ti Yorùbá lọ sí Kánò.

Wọ́n á ní owó rẹ̀ pọ̀ jù fún èdè 500. Ta ló ní kí wọ́n mú gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan? Èdè tó ti ní àkọtọ́ àti ìwé ni ká fi bẹ̀rẹ̀, kí a máa ṣe àkọtọ́ àwọn yòókù lọ. Ní kíláàsì tí ọmọ oríṣiríṣi bá wà, bíi ti Ìlọrin tàbí Èkó, èdè tí àwọn ọmọ náà fi ń bá ara wọn ṣeré ni kí olùkọ́ lò. Ohun tó máa ń ba ètò náà jẹ́ kíákíá ni ìgbàsíṣẹ́: wọ́n á gba olùkọ́ láìbi í léèrè èdè tó gbọ́, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí kò ti lè kí ọmọ pé ẹ káàárọ̀.

Ẹ óò tún gbọ́ táwọn kan ń sọ pé èdè méjì ń lé àrùn ìgbàgbé ogbó jìnnà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ má fi gbé ọ̀rọ̀ yín ró.

Ó wá ku àwọn ọmọ yín. Nínú èdè mẹ́ta tó yí wọn ká, Tápà ni yóò kọ́kọ́ kú. Ìlọrin ń fún wọn ní Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìwé ń fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu ìyá wọn nìkan ni Tápà ti ń jáde. Nítorí náà, kí ìyá wọn máa bá wọn sọ Tápà nígbà gbogbo, kódà lójú àlejò. Kí ẹ̀yin máa sọ Yorùbá. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún ilé ìwé, kò ní sálọ. Bí ọmọ bá fi Yorùbá dáhùn Tápà, kí ìyá má jágbe mọ́ ọn. Kó tún ohun tí ọmọ sọ sọ ní Tápà, kí ọ̀rọ̀ máa lọ. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá da èdè méjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, ọpọlọ rẹ̀ kò dàrú, ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń lò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ ka ti èdè méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó bá pé ọdún méjì tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan ní èdè kankan, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe torí ìyẹn pa èdè kan tì.

Nígbà tí wọ́n bá tó kàwé, ẹ fi Yorùbá alámì ohùn bẹ̀rẹ̀. Tápà pẹ̀lú ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ó sì ní gb bíi tiwa. Ohun tí àwa ń kọ ní p, kp ni wọ́n ń kọ ọ́. Ọmọ tó bá ti mọ èyí yóò gba ìwé Tápà láìlàágùn. Bí ìsinmi bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wọn, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn kò ti gbọ́ Yorùbá.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù nínú ilé bíi tiyín ni bàbá tí kò gbọ́ èdè ìyá. Bó bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, ìyá yí sí Yorùbá kí ọkọ má baà jókòó bí àlejò, àwọn ọmọ sì tẹ̀lé e. Láàárín ọdún méjì Tápà ti di èdè ilé ìdáná. Nítorí náà ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ ṣe, sà. Ẹ ní kí wọ́n máa sọ Tápà lọ nígbà tí ẹ bá ń jẹun alẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí i nítorí yín, èyí tí kò bá sì yé yín, ẹ bi èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ kó túmọ̀ rẹ̀ fún yín.